Ọjọ́ tí Ìyàwó Mi Mu Pátákó Ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti forí jì yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹlòmíì bá sọ ọ́ fún èmi gan-an, màá ní kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó mi, obìnrin tó kàwé, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ mu nínú ife. Ó ṣe Bísímílà kó tó mu ún. Nígbà tó mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní Àlùhámúdù lílláhì.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí, kí ẹ má baà rò pé orí ìyàwó mi ti dàrú. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, òun náà sì máa ń rán mi létí.

Ní ọ́fíìsì tó ti ṣiṣẹ́, máásà, àkàrà ìrẹsì tó máa ń dín, ló fi gbajúmọ̀, kì í ṣe fáìlì. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó bá gbé máásà lọ, àwọn ọ̀gá tí kì í kí ẹnikẹ́ni á sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá bi í bóyá ó sùn dáadáa. Nígbà tó ṣe, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò lè máa fi máásà bọ́ àwọn tó ń gba owó oṣù ju òun lọ. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kó gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù máásà kan ní Fate, ní Ìlọrin níbí. Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, ó fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Àbùkù kan ló ní: ẹ̀yìn ló wà. Fọkanáísà kan ló wà níwájú lójú títì, òun àti òkìtì táyà rẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọjá nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, táyà nìkan ló máa rí. Àfi kí á gbé pátákó kan tí yóò yọrí sókè ju òkìtì táyà yẹn lọ, tí èèyàn lè kà kí kẹ̀kẹ́ tó sáré kọjá. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń dín nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo ohun tí ìyàwó mi kó sínú ṣọ́ọ̀bù náà á sì di oúnjẹ eṣinṣin.

Èmi ni mo ní màá ṣe pátákó náà. Ta ni ì bá tún ṣe é? Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní iṣẹ́ ọnà yíyà, mo sì ti kun pátákó fún ilé ìwé, fún mọ́sálásí, fún ṣọ́ọ̀ṣì, àti fún alápatà kan tó ní kí n ya màlúù tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní ó dára, ó sì sọ fún mi ọjọ́ tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ Sátidé ni.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan láti lọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe tiwọn báyìí. Pátákó ìlú wa lóde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, gbogbo wọn ló sì jọra bí àkàrà tó jáde nínú agbada kan náà. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ń fi oríṣiríṣi lẹ́tà hàn mí, mò ń mi orí bí ẹni tí ọjà ò wù, àfìgbà tó tẹ nǹkan kan tí lẹ́tà kan sì yọ. Mo fa àga súnmọ́ ọn.

Ẹ wo lẹ́tà! Ó sanra, ó tún tín-ín-rín, lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìlà rẹ̀ tó dúró lóòró dúdú, wọ́n ki bí òpó mọ́sálásí. Àwọn tó so wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ nídìí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàtà tuntun lọ sí Yídì. Lẹ́tà “O” rẹ̀ dà bí alájì tó yó dáadáa, tó wá fi òwú di ìgbànú. Ọkùnrin náà ní lẹ́tà àkọlé ni o, kì í ṣe ti ìwé kíkà. Ó ní tí èèyàn bá fi kọ odidi ìwé sí àna rẹ̀, orí á fọ́ àna. Nǹkan ńlá ni wọ́n ń fi í kọ, tí wọ́n bá fẹ́ kí ojú gbogbo ayé yí síbẹ̀.

Mo ní kó fi kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. (Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, kí ẹ má baà sọ pé ìpolówó lásán ni mò ń ṣe.) Ibi tí lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ wà, kọ̀ǹpútà ò ní irú rẹ̀ nínú àwọn abara-gbẹ̀ǹdẹ̀ yìí, ó bá lọ yá ti ibòmíràn wá, ìyẹn sì dúró láàárín wọn bí ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ agbo màlúù. Ọkùnrin náà ní kò burú, pé àwọn èèyàn ò ní mọ̀. Mo ní èmi mọ̀. Mo dìde, mo ní màá fọwọ́ ya tèmi.

Mo dé ilé, mo gbé máká, kò ṣe é. Máká ò mọ sísanra, kò mọ rírù. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe máa parí. Ìgbà náà ni mo rántí kàlámù, gègé tí a fi ń kọ̀wé nílé kéú. Tí o bá gé ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí o fà á wálẹ̀, á fi ìlà tó sanra sílẹ̀. Tí o bá fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tín-ín-rín. Lẹ́tà tí mo lọ ń dọ̀bálẹ̀ fún nílé ìtẹ̀wé, a jọ dàgbà ni.

Mo gé kàlámù. Mo gbé wàláà bàbá mi sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Pákó pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ yẹn, orí rẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ Kùránì ní kékeré, nígbà tó sì kú, èmi ni wọ́n fún. Mo wá tàdáwà gidi rà, yíǹkì dúdú tí àwọn Alfa fi ń kọ hàǹtú. Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ìlọrin lè má mọ̀ ọ́n: Alfa á kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún á mu omi náà fún àlùbáríkà. Nítorí náà, tàdáwà yẹn kì í pa èèyàn lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo ń ya, mo ń fi ewé eépín ha á kúrò, mo ń tún un yà. Èrò mi ni pé tí mo bá ti rí i mú lórí wàláà, màá gbé e gbòòrò sórí pátákó ńlá. Ìyàwó mi máa ń gba ẹ̀yìn mi kọjá, á dúró, á wò ó. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó bi mí léèrè.

“Bàbá Ìbejì, àwọn tín-ín-rín yìí, ṣé ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà ni?”

Mo ní ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó wo léèsì ara rẹ̀, ihò mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé ó ti dá a padà fún ẹni tó tà á ni?

“Ẹni tó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ ò ní sọ̀kalẹ̀ wá wo ẹwà. Ibi tí máásà wà ló fẹ́ mọ̀.”

Mo ní kó fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un, láìgbé ohùn sókè, pé tí pátákó náà ò bá ṣe é kà láti ojú títì, òun á lọ gba ti kọ̀ǹpútà, kódà kí ewúrẹ́ mẹ́wàá wà nínú agbo màlúù náà. Nígbà tí obìnrin yìí bá gbé ohùn sókè, ẹ lè bá a jiyàn. Tí kò bá gbé e sókè, ẹ wá nǹkan ṣe.

Ìyá mi ló kù tí ẹ ò tíì mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Ó mọ kéú jù mí lọ, ó mọ àdúà ju gbogbo àdúgbò lọ, kò sì sí ohun tó ń ṣe é àfi ojú. Láìsí awò, ó lè kí àgùntàn pé ó kú àtijọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ló ti ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí Alfa kan kọ hàǹtú fún ìyàwó mi kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Mo ní ó ti yé mi. Ẹ mọ irú “ó ti yé mi” tí ọmọ máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó fẹ́ kí ìyá jẹ́ kí òun lọ. Mo gbàgbé.

Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni mo rí i mú. Mi ò mọ ohun tó wọ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà. Kàlámù ń lọ, ó ń bọ̀, òpó ń dúró, irun ń so wọ́n pọ̀, àwọn lẹ́tà alámì lábẹ́ náà sanra bí ẹgbẹ́ wọn, kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Ó kún wàláà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi í ti ògiri kí oòrùn gbẹ ẹ́. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi fóònù yà á. Iná ò sí láti àná, fóònù ti kú. Mo wẹ̀, mo wọ jàlámíà, mo gba mọ́sálásí lọ bí ọba. Wállàhì, kí Ọlọ́run foríjì mí, nígbà tí Lèmọ́mù ń ṣe wáàsí, lẹ́tà ni mò ń rò.

Mo padà dé. Wàláà wà lára ògiri, omi ń kán nídìí rẹ̀.

Ìyá mi jókòó lórí àpótí nítòsí rẹ̀, ó ń dé ìgò kan tí omi dúdú wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo ti sọ ìyẹn fún yín tẹ́lẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti ń ṣàdúà fún mi.

“Ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà máa gbọ́ tìrẹ. Mo rò pé etí kejì ló gba jáde ni. Mo dé ẹ̀yìnkùlé báyìí, mo rí wàláà bàbá rẹ, ó kún, ó gbẹ. Mo ní ọmọ yìí mà gbọ́ràn.”

Nílé wa, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí wàláà yẹn, tí wọ́n fi ti ògiri, tí wọn kì í fọ̀ mu. Awò rẹ̀ ò sì sí lójú. Ó ní òun ti ń wá a láti àárọ̀. Ohun dúdú tó sanra lórí wàláà ló rí, àbí kí ló tún kù? Ìyàwó mi sì rèé, ìyá ọkọ na ife sí i. Ìyàwó wo ló máa ní kí ìyá ọkọ òun kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n kọ han òun?

Ojú ni mo fi júwe wàláà fún ìyàwó mi. Ó wò ó. Ó wo ìgò. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe yé e díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí oòrùn ń yọ. Lójijì ó ní ata ń ta òun lójú, ó sá wọ ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ kò sí ata kankan lẹ́yìnkùlé.

Mo bá a níbẹ̀. Ó ti fi ìborùn di ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló mu? Ó ká ìborùn kúrò lẹ́nu, ó dáhùn.

“Mo mọ̀. Àwọn tó sanra yẹn há mi lọ́fun díẹ̀. Àwọn tín-ín-rín, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n kọjá.”

Ẹ̀rín ń pa òun, inú ń bí mi. Ọ̀la ni Sátidé. Pátákó ńlá wà ní yàrá, funfun báláú, bí ojú ọmọ tí kò ka ìwé ìdánwò. Mo jáde, mo lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo gbé ọwọ́ lé orí. Ìyàwó mi náà jáde, ó ti nu ojú. Ó ń lọ síbi géètì ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún láti da omi nù, bó ṣe ń bọ̀ ló dúró, ó yíjú sí ògiri.

“Bàbá Ìbejì, ẹ wá ibí. Ẹ wá wo lẹ́tà yín.”

Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́tà wo? Ó ní kí n ṣáà wá.

Mo dé géètì, mo wo ògiri. Ìyá mi ò fi ewé eépín ha wàláà. Ẹni tó bá fẹ́ mu hàǹtú, omi àti ọwọ́ nìkan ló fi ń fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ibi tí tàdáwà ti pọ̀, igi ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òpó wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ki, wọ́n kàn ṣá díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n irun ò sí. Kò sí ohun tó so òpó kan mọ́ ìkejì. Ọgbà ni mo rí, ọgbà tí wọ́n fi igi ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń sé ẹran mọ́.

Mo ní omi ti gbé àwọn tín-ín-rín lọ.

“Omi kọ́,” ni ìyàwó mi wí. “Láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sí Jímọ́ọ̀, ibí yìí ni mo dúró sí, mo wò ó. Bí mo ṣe rí i nìyí. Mi ò kàn fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ kí ẹ tó lọ kírun.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa léèsì, ó kọ̀ láti jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya lẹ́tà yìí, mi ò tíì fi ìgbà kan rìn jìnnà sí i ju ibi tí ọwọ́ mi lè dé lọ. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa fà sẹ́yìn wo iṣẹ́ wọn.

Mo mú ewé eépín, mo ha wàláà mọ́, mo sì mú kàlámù. Lọ́tẹ̀ yìí mo bẹ ìyàwó mi níṣẹ́. Mo ní kó di èrò kẹ̀kẹ́. Tí mo bá ya lẹ́tà kan, màá fi wàláà ti ògiri, òun á rìn kíákíá kọjá níwájú géètì, á ju ojú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sọ ohun tó rí. Ó kọjá, ó ní ọgbà ni. Mo fi díẹ̀ kún ìlà tín-ín-rín. Ó kọjá, ó ní ó dà bí ọgbà tí ẹnìkan fẹ́ sọdá. Mo tún fi díẹ̀ kún un. Ó wá wọ inú eré náà, ó ń di ọwọ́ mú bí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́, ó ń fò níbi tí kòtò wà, ó ń bá dẹ́rẹ́bà jà pé kò fún òun ní ṣéńjì.

Ìyá mi ń wò ó láti orí àpótí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó ń rí gan-an. Ó ní kí ló ń ṣe ìyàwó òun tó ń lọ tó ń bọ̀? Ìyàwó mi ní òun ń na ẹsẹ̀ ni, Ìyá.

“Àbí ẹ ò rí nǹkan,” ni ìyá mi wí, ó gbé ìgò sókè. “Kò tíì pẹ́ tó mu ún, ó ti ń sáré bí ọmọge.”

Èmi àti ìyàwó mi ò lè wo ojú ara wa mọ́. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró, ó ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde ketekete, kò sì fi ohunkóhun kún un. Mo lọ dúró síbẹ̀, mo wò ó fúnra mi. Èyí tó sanra ṣì sanra, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ṣì wà nídìí rẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín ṣì ń gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ sààrì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi, ó ní ohun tí òun ń sọ láti Àlàmísì nìyẹn. Kí Máǹgàríbà tó pé, mo ti kùn ún sórí pátákó ńlá, dúdú lórí funfun.

Láàárọ̀ Sátidé, a gbé e lọ sí Fate, a gbé e kọ́ sókè. Fọkanáísà fúnra rẹ̀ ló bá wa di irin mú. Ó ní inú òun dùn, ìsinmi ti bá òun, àwọn èèyàn ò ní máa wá bi òun bóyá òun ló ń ta oúnjẹ. A ò tíì kó irinṣẹ́ wa nílẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ kan sáré kọjá, tó lọ díẹ̀, tó tún fẹ̀yìn rìn padà. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ yọ orí, ó ka pátákó náà láti ibẹ̀, ó ní ṣé ó ti jinná? Ìyàwó mi ní ó ti jinná. Ó wo ojú mi fẹ́ẹ́, ó sì lọ ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ìyá mi pè mí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ pátákó, ó wọ léèsì funfun, awò rẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Ó ní inú àpò tí òun ń kó tẹ̀súbáà sí ni òun ti rí i lálẹ́ àná. Ó gbé ojú sókè, ó wo àwọn lẹ́tà náà pẹ́, láti ọ̀kan dé ìkejì, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ tí kò tètè dá mọ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó fa ìgò yọ, ó sì da omi dúdú náà sínú ife.

“Tìrẹ nìyí. Nílé bàbá rẹ, a kì í da ohun tí wọ́n bá fọ̀ lára wàláà yẹn nù.”

Mo wẹ̀yìn wo ìyàwó mi. Ó ti fi ìborùn di ẹnu.

Mo ṣe Bísímílà, mo gbé e mu. Ó korò díẹ̀, ó ní òórùn èédú, mo sì gbé gbogbo ẹwà mi mì láìjẹ. Ìyá mi gba ife náà, ó gbé e sún mọ́ awò, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ó ní ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ó ní kí n tẹ́wọ́, kí n fi ìyẹn pa ojú méjèèjì, kí n lè máa rí ọ̀ọ́kán.